Ken Saro-Wiwa àti Iná tí Kò Sí Nínú Ìṣirò Wa

Bí ọmọ Yorùbá bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Saro-Wiwa, ọkàn rẹ̀ á lọ tààrà sí Fírítáùn, sí ọ̀dọ̀ àwọn Sàró tí wọ́n padà wálé sí Èkó àti Abẹ́òkúta láyé ìgbà Àjàyí Crowther. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí mo fi wọ ọdún kẹta ní ẹ̀ka wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní èdè Khana, ọ̀kan nínú àwọn èdè ilẹ̀ Ogoni ní Ìpínlẹ̀ Rivers, saro ni àkọ́bí ọkùnrin, ẹni tí àwa ń pè ní dáwódù. Dáwódù Wiwa ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Àwa tí a pọ̀ ní Nàìjíríà, ó rọ̀ wá lọ́rùn púpọ̀ láti máa fi èdè tiwa túmọ̀ orúkọ ẹlòmíràn.

Kí n tó sọ ìtàn ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí rẹ̀. Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́rin tí a jọ ń gbé ilé kan ní Ọ̀yẹ́ pinnu láti wọn ipasẹ̀ kábọ̀n wa. Ipasẹ̀ kábọ̀n ni àpapọ̀ èéfín tó ń mú ayé gbóná, èyí tí ìgbé ayé ẹnì kan ń dá sílẹ̀ láàárín ọdún kan: epo tí ó sun, gáàsì tí ó fi dáná, ọkọ̀ tí ó wọ̀, oúnjẹ tí ó jẹ. Kílò tàbí tọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn kan ń pè é ní ojú ẹsẹ̀ kábọ̀n, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ojú ẹsẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ló ń wá sí mi lọ́kàn, ìyẹn kíákíá. Ipasẹ̀ ni a ń tọ̀ bí a bá ń wá ẹni tó ti kọjá. Òun ni mo fara mọ́.

Ẹ̀rọ ìṣirò kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a kọ́kọ́ lò. Ó bi wá pé ẹ̀ẹ̀melòó ni a ń wọ bàálù lọ́dún. Ó bi wá pé kí ni a fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá a ní ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Ní Ọ̀yẹ́! Okùn tí a ta sí ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ tiwa. Ní ti jẹnẹrétọ̀ tí ènìyàn mẹ́rin dáwó jọ rà, kò sí ibi tí a lè kọ ọ́ sí. La bá pa ẹ̀rọ náà tì, a mú bírò àti ìwé.

Lítà epo bẹntiróòlù kan, bí a bá sun ún, á di nǹkan bí kílò 2.3 kábọ̀n dáyọ́sáìdì. Ó ya àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu pé èéfín lè wúwo ju epo tó bí i lọ, nítorí lítà epo kan kò tó kílò kan. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí iná ń fà mọ́ra ló kún un. Jẹnẹrétọ̀ wa ń mu lítà 2 lálẹ́, bí ogún alẹ́ lóṣù. Lítà 40 nìyẹn, lítà 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: kílò 23 lóṣù, kílò 207 fún oṣù 9 tí a fi ń wà ní ilé ẹ̀kọ́. Kílò gáàsì ìdáná kan ń di bí kílò 3. Sílíńdà kílò 3 ni mò ń lò lóṣù, ó sì di kílò 81 fún oṣù 9 náà. Ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá, àti mọ́tò tí mò ń wọ̀ gba Ìfàkì kọjá lọ sí ilé wa ní Ìdó, mo dá ìpín tèmi nínú epo wọn sí lítà 5 lóṣù, ìyẹn kílò 100 àti díẹ̀. A fi oúnjẹ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ iyán Èkìtì, ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Nígbà tí mo fi àkókò ọlidé kún un, ó súnmọ́ kílò 500, ìdajì tọ́ọ̀nù. Bí a bá pín èéfín gbogbo ayé dọ́gba, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 5. Inú wa dùn. A rò pé a ti yege.

Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ìpínlẹ̀ Rivers, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ló wá béèrè pé ibo ni iná gáàsì ilẹ̀ àwọn wà nínú ìṣirò yìí. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìbéèrè yẹn ló mú mi lọ ka ìtàn Ken Saro-Wiwa, tó jẹ́ pé ikú rẹ̀ nìkan ni mo ti ń gbọ́ láti kékeré.

Ọjọ́ 10, oṣù kẹwàá, ọdún 1941 ni a bí Kenule Beeson Saro-Wiwa ní Bori, tó jẹ́ ojúkò ilẹ̀ Ogoni. Ẹ̀ṣọ́ igbó ọba ni bàbá rẹ̀, Jim Wiwa. Ilẹ̀ ọlọ́ràá ni ilẹ̀ náà, ilẹ̀ iṣu àti ẹja. Bí Èkìtì ṣe ń yangàn pẹ̀lú iṣu ni Ogoni náà ń ṣe. Ní 1954, ọmọ náà wọ Government College ní Umuahia. Ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí iléeṣẹ́ Shell-BP kan epo rọ̀bì ní Bomu, nínú ilẹ̀ Ogoni, ní 1958. Ẹ fi orúkọ iléeṣẹ́ yẹn sọ́kàn bí ó ṣe wà, Shell pẹ̀lú BP. Mo ṣì ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Bí wọ́n bá fa epo rọ̀bì jáde láti abẹ́ ilẹ̀, gáàsì máa ń bá a jáde. Ẹni tó bá fẹ́ lo gáàsì náà gbọ́dọ̀ kọ́ páìpù àti ẹ̀rọ tí yóò kó o jọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ lò ó lè tì í padà sí abẹ́ ilẹ̀. Owó ńlá ni méjèèjì. Ọ̀nà kẹta ni pé kí wọ́n ṣáná sí i kí ó máa jó dànù, èyí ni kò sì náni lówó. Bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko àti ilé, lọ́sàn-án àti lóru, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Àwọn ọmọ tí a bí sí ẹ̀bá irú iná bẹ́ẹ̀ dàgbà láìmọ òru tó ṣókùnkùn.

Saro-Wiwa kò tíì bá iná jà nígbà yẹn. Ìwé ló ń kà. Ó lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, ó kọ́ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó jáde ní 1965, eré orí ìtàgé sì wà lára ohun tó jẹ ẹ́ lógún níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ilẹ̀ Ogoni bọ́ sí abẹ́ Biafra, ṣùgbọ́n ó sá kúrò níbẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì fi í ṣe alábòójútó ìlú Bonny, ibi tí epo ń gbà bọ́ sójú òkun. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn kan kò dárí rẹ̀ jì í títí ó fi kú. Ogun parí, ó di kọmíṣọ́nnà ní Ìpínlẹ̀ Rivers, wọ́n sì lé e kúrò ní 1973 nítorí pé ó ń bèèrè pé kí Ogoni máa ṣàkóso ara rẹ̀. Ó bọ́ sí ìdí òwò. Ó ta ọjà, ó ra ilé, ó lówó lọ́wọ́. Mi ò ní dúró pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí ni 1985. Ọdún yẹn ni ó tẹ Sozaboy jáde, akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa tí kò bá sì tíì ka ìwé náà ń fi nǹkan ńlá du ara rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò kàwé jìnnà ló ń sọ ìtàn ogun nínú rẹ̀. Èdè tó fi ń sọ ọ́ jẹ́ àdàlù píjìn, Gẹ̀ẹ́sì iléèwé tí kò yanjú, àti gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó dá ṣáká lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì tó ti rà ni Saro-Wiwa fúnra rẹ̀ pe èdè náà. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì wá òfin gírámà tí ọmọkùnrin yẹn ń tẹ̀lé. Bí mo bá ti mú ọ̀kan, ó ti yọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ní ojú ìwé kejì. Ẹni tí ogun ti tú ayé rẹ̀ ká, kò sí ìdí tí gírámà rẹ̀ yóò fi dúró sójú kan.

Ọdún yẹn kan náà ni Basi and Company bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n NTA, tí ó sì ń lọ títí di 1990. Ẹ bi àwọn òbí yín. Òpópónà Adétọ́lá ní Èkó ni Basi ń gbé, nínú yàrá tí kò sanwó rẹ̀ déédéé, ó sì ń fi ojoojúmọ́ lá àlá bí yóò ṣe di olówó ńlá láìṣiṣẹ́. Gbogbo Nàìjíríà rẹ́rìn-ín, a kò sì fura pé àwa ni ó ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Orílẹ̀-èdè tó jókòó ti epo, tó ń dúró de owó tí kò làágùn fún, kí ni kí ènìyàn pè é bí kò bá pè é ní Basi?

Ọ̀rọ̀ owó yẹn ni ó gbé e dé ìdí ìjà. Kí ó lè yé wa ní Èkìtì, ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà oko kòkó. Nígbà tí kòkó ni owó ilẹ̀ Yorùbá, apá tó pọ̀ nínú owó náà ń padà sí agbègbè tí kòkó ti wá. Bàbá mi àgbà dáko kòkó lẹ́bàá Ìdó. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ló gbé àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé iléèwé. Ní ìgbà òmìnira, òfin sọ pé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún owó ohun àlùmọ́nì yóò padà sí agbègbè tó ti jáde. Nígbà tí epo rọ̀bì gba ipò kòkó, ìlànà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di 1982, ìdá 1.5 ló kù. Àwọn tí epo ń jáde nínú ilẹ̀ wọn jẹ́ ẹ̀yà kékeré. Àwọn tó jókòó pín owó jẹ́ ẹ̀yà ńlá, Yorùbá sì wà nínú wọn. Saro-Wiwa kò fi èyí bò fún wa. Nínú àwọn ìwé rẹ̀, ó dárúkọ àwọn ẹ̀yà ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìyọ ẹnì kankan sílẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, inú bí mi díẹ̀. Mo tún un kà.

Ní 1990, àwọn àgbà Ogoni fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ kan, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ìjọba ológun ti Babangida: wọ́n fẹ́ máa ṣàkóso ọ̀rọ̀ ara wọn nínú Nàìjíríà, wọ́n fẹ́ ìpín tó tọ́ nínú owó ilẹ̀ wọn, wọ́n fẹ́ kí èdè wọn gbèrú, wọ́n sì fẹ́ dáàbò bo ilẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ ìbàjẹ́. Inú mi dùn láti rí èdè nínú ìwé yẹn. Àwọn èdè Ogoni, Khana, Gokana, Eleme àti àwọn yòókù, inú ìdílé Benue-Congo kan náà tí Yorùbá wà ni wọ́n wà. Ìbátan wa ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jìnnà. Àwọn tó ń sọ gbogbo wọn pọ̀ kò ju bí ìdajì mílíọ̀nù lọ nígbà náà. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìjà náà ni MOSOP, Saro-Wiwa sì ni agbẹnusọ rẹ̀ kí ó tó di ààrẹ rẹ̀.

Níbi tí a dé yìí, mo padà sí ìwé ìṣirò mi. Mítà kúbíìkì gáàsì kan tí wọ́n bá sun dànù ń di bí kílò 2 kábọ̀n dáyọ́sáìdì, kódà ó lé díẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: kò jìnnà sí ti lítà epo bẹntiróòlù kan. Ní àwọn ọdún tí MOSOP bẹ̀rẹ̀, ohun tí Nàìjíríà ń sun dànù lọ́dún ju bílíọ̀nù 20 mítà kúbíìkì lọ, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo gáàsì tó ń bá epo jáde. Òfin tó kà á léèwọ̀ ti wà nílẹ̀ láti 1979, pé kí ó dópin ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1984, àfi ẹni tí mínísítà bá fún láṣẹ. Àṣẹ náà kò wọ́n. Ìkànìyàn 1991 sọ pé bíi mílíọ̀nù 89 ni wá. Bí mo ṣe pín iná yẹn fún gbogbo wa, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan súnmọ́ kílò 450 lọ́dún.

Mo wo kílò 500 tèmi, mo wo kílò 450 yẹn. Nígbà náà, ìyá àgbà kan ní Ìdó tí kò ní jẹnẹrétọ̀, tí kì í wọ mọ́tò bí kì í bá ṣe ọjọ́ ọjà, ní ìpín nínú iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo èéfín tí èmi fi ń ka ìwé, tí mo fi ń se oúnjẹ, tí mo fi ń rìnrìn àjò lónìí. Iná náà kò sì se ìkòkò ọbẹ̀ kan, kò tan gílóòbù kan. Àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an kò ní iná mànàmáná.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Saro-Wiwa kò fi kábọ̀n ṣe orí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún ni ilẹ̀ tí epo ti dà sí, odò tí ẹja ti kú nínú rẹ̀, òjò tó ń bọ́ láàárín èéfín, àti àwọn ènìyàn tó lè pa run tòun ti èdè wọn. Ṣùgbọ́n iná kan náà ni. Èéfín tó ń dí imú ọmọ Ogoni ni èéfín tó ń gbéra lọ bá ti gbogbo ayé.

Ní ọjọ́ 4, oṣù kìíní, ọdún 1993, bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, ìyẹn 300,000, jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ ní ilẹ̀ Ogoni pẹ̀lú ewé tútù lọ́wọ́. Ju ìdajì gbogbo ẹ̀yà náà lọ. Láàárín ọdún yẹn, Shell kó kúrò nílẹ̀ Ogoni, àwọn iná ibẹ̀ sì kú. Mi ò rò pé a máa ń sọ èyí tó: àwọn ènìyàn tí kò ní ìbọn mú kí iná tó ti ń jó fún nǹkan bí ọdún 35 kú.

Ohun kan wà nínú ọdún yẹn tó máa ń ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, nígbà tí àwa ń dìbò fún Abíọ́lá, MOSOP ní kí àwọn Ogoni má ṣe dìbò. Wọ́n ní òfin tí ìbò náà dúró lé kò dá wọn mọ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ kan kò fara mọ́ ọn, wọ́n fi ipò sílẹ̀, ìyapa tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kò sì tán. Bàbá mi, tó fẹ́ràn Abíọ́lá dé góńgó, kò dáhùn nígbà tí mo sọ fún un.

Ó yẹ kí n sọ nípa ipasẹ̀ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Ká ní a fi ẹ̀rọ orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn wọ̀n ọ́n, ì bá fìdí rẹmi. Ó ń fò lọ sí Geneva, ó ń fò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìdílé rẹ̀ ń gbé, ó ń fò lọ sí Amẹ́ríkà, láti wá ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ Ogoni. Páìpù tábà kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìwọ̀nba àwòrán rẹ̀ ni ẹ ó rí tí kò sí. Ẹ̀rọ náà ì bá fi àwọ̀ pupa síwájú orúkọ rẹ̀, ì bá sì gbà á nímọ̀ràn pé kó wọ ọkọ̀ ojú irin. Kò ní àpótí tí a lè kọ iná tí ó pa sí.

Òpin rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn mọ̀, mo sì máa sọ ọ́ ní ṣókí. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún 1994, àwọn ọ̀dọ́ tí inú ń bí pa àwọn olórí Ogoni mẹ́rin ní Giokoo: Edward Kobani, Albert Badey, Samuel Orage àti Theophilus Orage. Ikú burúkú ni wọ́n kú, ìdílé wọn sì ṣì ń sunkún wọn; ẹni tó bá ń sọ ìtàn yìí kò gbọdọ̀ fò wọ́n. Saro-Wiwa kò sí níbẹ̀. Àwọn ológun ti dá a padà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Wọ́n mú un síbẹ̀síbẹ̀, wọ́n sì gbé òun àti àwọn mìíràn lọ síwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ àkànṣe tí ìjọba Abacha gbé kalẹ̀, tí ọmọ ogun kan jókòó sí. Gani Fawẹ̀hìnmi àti Fẹ́mi Fálànà, ọmọ Ìlawẹ̀-Èkìtì tiwa níbí, wà lára àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kọ̀wé fi ẹjọ́ náà sílẹ̀ nítorí wọ́n rí i pé a ti dá a kí a tó gbọ́ ọ. Àwọn ẹlẹ́rìí kan sọ lẹ́yìn náà pé owó ni wọ́n fi ra ẹnu àwọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1995, wọ́n yẹgi fún Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn ní Port Harcourt. Ẹni ọdún 54 ni. Àwọn olórí Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ń ṣèpàdé lọ́wọ́ ní New Zealand. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n yọ Nàìjíríà kúrò láàárín wọn fún ìgbà kan.

Oṣù mọ́kànlá kò tíì pé lẹ́yìn rẹ̀ tí Abacha kan náà dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996. Mo ti kọ ọjọ́ yẹn nínú ìdánwò láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé ọjọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún mi rí. Ohun tí Saro-Wiwa bèèrè fún àwọn ènìyàn rẹ̀, kí wọ́n ní àkóso tiwọn, ohun tó jọ ọ́ ni àwọn àgbà Èkìtì náà ń bèèrè. Ọwọ́ kan náà ló dá wa lóhùn tó sì yẹgi fún un. Láti ìgbà náà ni owó epo ti ń wá sí Adó lóṣooṣù, ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti ń gba lẹ́kíṣọ̀ ní Ọ̀yẹ́ sì ní epo nínú.

Ó ku ọ̀rọ̀ BP. Ní 1979, ìjọba Nàìjíríà gba ìpín BP nínú iléeṣẹ́ yẹn nítorí ẹ̀sùn pé ó ń ta epo fún South Africa ayé ìgbà ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú, Shell sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí 2004, BP bẹ̀rẹ̀ ìpolówó ńlá kan ní Òyìnbó, ó gbé ẹ̀rọ ìṣirò kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí oníkálukú wá wọn ipasẹ̀ kábọ̀n tirẹ̀. Ìpolówó yẹn ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun tí gbogbo ayé ń pè. Iléeṣẹ́ tó bá wọn tan iná Bomu ló wá bèèrè lọ́wọ́ mi pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fọ aṣọ lọ́sẹ̀. Mi ò sọ pé kí a má ṣe wọn tiwa. Jẹnẹrétọ̀ wa ń rùn, ó sì ń náni lówó, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń dáwó sólà báyìí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ṣe ìwé ìbéèrè ló yan ohun tí a kò ní bi í.

Ní 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin dájọ́ pé gáàsì sísun dànù lòdì sí ẹ̀tọ́ ènìyàn láti wà láàyè. Ní 2009, Shell san mílíọ̀nù 15.5 dọ́là fún àwọn ìdílé tó pè é lẹ́jọ́ ní New York, ó ní òun kò jẹ̀bi. Ní 2011, àjọ tó ń rí sí àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ogoni jáde: ní abúlé kan, omi kànga tí wọ́n ń mu ní èròjà benzene tó ju ìwọ̀n tí ó yẹ lọ ní ìlọ́po 900. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2025, Ààrẹ Tinubu kéde ìdáríjì fún Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ náà. Ọjọ́ tí MOSOP ní kí wọ́n má dìbò ni wọ́n fi dárí jì wọ́n, wọ́n dárí ohun tí àwọn ẹbí wọn sọ pé wọn kò ṣe jì wọ́n.

Gáàsì tí Nàìjíríà ń sun dànù ti dín kù gidigidi. Ó ṣì ju bílíọ̀nù 5 mítà kúbíìkì lọ lọ́dún, àwa tí a ó pín in sì ti ju mílíọ̀nù 200 lọ. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé wa, lábẹ́ jẹnẹrétọ̀, gáàsì ìdáná àti ọ̀kadà, ìlà kẹrin: iná, kílò 50. Ọ̀rẹ́ mi tó wá láti Rivers ló fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.